Fánníìṣì Tútù

Èmi ni mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí ayùn tó gé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì mi já. Gbádébọ̀ àbúrò mi gba ipò mi, ó tún wá fi igi apá gbẹ́ gìtá oníná tiẹ̀ nílé!

“Bọ̀dá mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o, fánníìṣì ẹ̀ ò tíì gbẹ,” ló wí kó tó jáde.

Ṣé èmi ló ń pàṣẹ fún? Ilẹ̀ ṣú, mo mú ìṣó kí n lọ fi ha á. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá tó gbé e sí. Gìtá tí kò tíì lókùn ń dún, orin tí mo máa ń ta tẹ́lẹ̀ ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, ó dákẹ́. Àmì àtẹ́lẹwọ́ òsì kan wà lára fánníìṣì tútù náà, kò ní ìka ìfábẹ̀lá.

Mi ò sì tíì kọjá ẹnu ọ̀nà.