Fíìmù fún Bàbá Onílẹ̀

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni Kamphon fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ìjọba. Akọ̀wé ni wọ́n gbà á sí ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó omi oko. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bá a wá a, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ọdún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ló fi ṣe fíìmù kan ṣoṣo: òun ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló tò ó pọ̀. Kànga Iyọ̀ ló pè é, ìtàn ìyá arúgbó kan tó ń se iyọ̀ ní abúlé tí gbogbo èèyàn ti ṣí kúrò. Ẹfọ̀n méjèèjì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ oko bá a lọ, ó tà wọ́n fi náwó sí i. Ìyàwó rẹ̀ náà lọ, Bangkok ni tirẹ̀. Ilé sinimá kankan kò gba fíìmù náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fi í hàn, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wá, mẹ́sàn-án sì sùn.

“O fọwọ́ sí i?” Bualai, ìyá rẹ̀, ló bi í. Orí ẹní ló wà, ó ń bó àlùbọ́sà.

“Mo fọwọ́ sí i, Màámi.”

“O ò tún ní yíhùn padà lọ́la?”

“Kí ni mo fẹ́ padà sí? Mo ti ta kámẹ́rà. Ó ti parí.”

Ìyá nu ojú, ó ní àlùbọ́sà ló ta òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ rere, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú. Ó ní eegun ń ro òun, òun fẹ́ ra oògùn.

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Thawin gun alùpùpù wọ agbo ilé wọn. Òun ló ń fi fíìmù hàn níwájú ojúbọ Bàbá Onílẹ̀ nínú ìlú. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ ohun tó tọrọ, ohun tó ṣèlérí ni yóò mú wá: ẹlòmíì á gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ wá, ẹlòmíì á ní kí wọ́n fi fíìmù hàn. Òrìṣà náà fẹ́ràn fíìmù. Òun àti àwọn ẹ̀mí tó ń tẹ̀ lé e ni wọ́n ń to àga fún, èèyàn kì í jókòó síbẹ̀.

“Kamphon, gbé Kànga Iyọ̀ wá. Ẹnì kan fẹ́ fi san ẹ̀jẹ́ lọ́la.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.”

“Ta ló ráyè ẹ̀sín? Olùtọ́jú ojúbọ ló rán mi. Mo ní kí n gbé fíìmù ìjà lọ, ó ní ẹni náà kọ̀ jálẹ̀. Tìẹ ló ń bèèrè, àfi tìẹ.”

“Ta ni?”

“Èmi ò mọ̀ ọ́n. Tó bá parí, wọ́n á kúkú ka orúkọ ẹ̀ sí òrìṣà létí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wá fetí ara ẹ gbọ́.”

Títí ilẹ̀ fi ṣú ni Kamphon ń ro àwọn márùn-ún tí kò sùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ta ni nínú wọn? Ẹnì kan wà nílé ayé tí fíìmù rẹ̀ wọ̀ lọ́kàn débi tó fi fẹ́ fún òrìṣà. Ó sọ fún ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ lọ.

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí,” ni ìyá wí. “Ìwọ lọ. Kí o wò ó dáadáa.”

Ọgọ́ta àga pupa ni wọ́n tò, kò sí ẹyọ ẹnì kan lórí wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí Bàbá Thawin fi gbé ẹ̀rọ fíìmù wá ni Kamphon jókòó sí nílẹ̀. Oòrùn wọ̀, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń sín òdòdó tà níwájú ojúbọ ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́. Ó débi tí arúgbó inú fíìmù kò rí oníbàárà, tó wá ń ná iyọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, tó ń bínú sí ara rẹ̀ pé owó tí òun fẹ́ san kéré jù. Obìnrin olódòdó náà bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kò sì lọ mọ́.

Kamphon kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé mi ò wá mọ́.”

“Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ogójì èèyàn ló ń dúró de àyè yẹn. Tí mo bá fi lè pè é, ó ti bọ́ nìyẹn, mi ò sì tún ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ mọ́ láéláé.”

“Ẹ pè é.”

“Màmá ńkọ́?”

“Màámi á gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ pè é nísinsìnyí.”

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi pè padà. Ó ní òun ti sọ ọ́, wọ́n sì ti fún ẹlòmíì. Kamphon dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń ro fíìmù tí yóò ṣe tẹ̀ lé e.

Nígbà tí fíìmù parí, obìnrin olódòdó nu ojú, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ. Olùtọ́jú ojúbọ mú makirofóònù, ó kúnlẹ̀ kọjú sí òrìṣà, ó tú bébà kékeré kan. Kamphon dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dárúkọ, ilé rẹ̀ ni yóò gbà lọ láti ibẹ̀.

“Bàbá Onílẹ̀,” ni olùtọ́jú kà, “èmi Bualai láti abúlé Nong Phue dúpẹ́ pé ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí mo ti ń bẹ̀ yín láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi Kamphon jáwọ́ nínú fíìmù, èyí tó ṣe nìyí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, kò ní ṣe òmíràn mọ́.”