Bátìrì Básíkùlù Bàbá Ayọ̀mikún

Ọdún 2013 ni, nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní Benin. Jùmọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ básíkùlù oníná. Oregbeni ni òun àti ọkọ rẹ̀ Bámidélé ń gbé, bọ́ọ̀sì àárọ̀ sì máa ń kún kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bàbá Ayọ̀mikún, Airport Road ò súnmọ́ ibí," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Tí ẹ bá ń pẹ́ dé báǹkì báyìí, wọ́n á yọ yín. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nítorí ọ̀kadà."

Bámidélé ń so táì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun gbọ́.

Nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ kó àjọ rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló gbé lé e lọ́wọ́. Ojú ti ọkùnrin náà gan-an, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Kẹ́hìndé, ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń tún ẹ̀rọ iná ṣe nítòsí Oba Market, ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ básíkùlù lásán di oníná. Ó gbé ẹ́ńjìnnì méjì kalẹ̀, ńlá kan, kékeré kan, àwọn irú tó ń gbé inú wíìlì ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ńlá yìí ni tiyín. Ẹgbẹ̀rún wáàtì ni. Tí ẹ bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, á gun Ikpoba Hill bí ẹni pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Bátìrì kékeré sì ti tó. Ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀, iná á ṣì ṣẹ́kù."

Bámidélé ò wo ẹ́ńjìnnì. Bátìrì ló ń wò.

"Tí mo bá gbéra ní aago méje, ìgbà wo ni iná inú ẹ̀ máa tán?"

"Ìṣẹ́jú ogójì lẹ máa lò lójú ọ̀nà, sà."

"Mo kàn ń béèrè ni."

Kẹ́hìndé ní bátìrì kékeré ò lè ju wákàtí méjì lọ. Bátìrì tó tóbi jù lè gbé e di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré ni wọ́n gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn, torí ìyẹn kì í jẹ iná. Kò sì ní lè gun òkè.

"Mà á sọ̀ kalẹ̀, mà á tì í."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ wá ń mú èyí tó ń fàlẹ̀." Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. "Ẹnìkan kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún lásán o, ẹ̀gbọ́n."

Bámidélé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kó bá òun so ó.

Láti ọjọ́ náà, aago méje kì í bá a nílé mọ́. Ayọ̀mikún ọmọ rẹ̀ a dúró lẹ́nu géètì, a ní, "Daddy, your machine no dey make noise at all." Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń rí i káàkiri, wọ́n ń juwọ́ sí i, òun náà ń juwọ́ padà. Òjò bá a lọ́jọ́ kan ní Oba Market, ó yà sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan. Títílayọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn rí i, ó ti ń gbé àga bọ̀ fún un, ó ń béèrè ìyàwó, ọmọ àti iṣẹ́. Bámidélé ní wọ́n rán òun níṣẹ́ ni, ó bá tún kó sínú òjò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti básíkùlù gun òkè dé ilé, ó ń gbọ̀n. Jùmọ̀kẹ́ ti gbé omi kaná fún un.

"Títílayọ̀ pè mí, ó ní wọ́n rán yín níṣẹ́. Gbogbo ìlú ni wọ́n ti ń rí yín. Báǹkì ti ń fọkàn tán yín nìyẹn." Inú rẹ̀ dùn. "Mo ti sọ fún pásítọ̀. Lọ́jọ́ Sunday, a máa jáde ṣe ìdúpẹ́ pé iṣẹ́ yín ò bọ́."

Bámidélé gbé omi náà. Ó ní kò burú.

Oṣù mẹ́ta gbáko kí òfin ọ̀kadà tó dé ni báǹkì ti ní kó máa lọ sílé, láti ìgbà náà ni kò sì tíì rí ibì kan ní Benin tó lè jókòó sí láti aago méje di mẹ́rin tí ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan ò ní ti bi í pé iṣẹ́ ńkọ́.