Ogún Sẹ́kọ́ńdì

Ẹnjiníà kọ̀ǹpútà náà pa irinṣẹ́ ayẹ̀wò, ó tún un ṣí lẹ́ẹ̀kẹrin. Ibi tí áàpù ti ń falẹ̀ ló yẹ kí irinṣẹ́ yìí fi hàn án. Èsì kan náà ló tún gbé wá: fún ogún sẹ́kọ́ńdì, áàpù kò ṣe nǹkan kan.

"Irinṣẹ́ yìí ti bàjẹ́, sà. Áàpù kì í jókòó lásán."

"Àwọn oníbàárà wa ní ọjà Òkè Àrin ń bọ̀ láago méjìlá," ni Ọ̀gá Gregory wí. "Wọ́n ní áàpù wa ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹnjiníà yọ irinṣẹ́ náà kúrò, ó tún un fi sí i, pàbó ló já sí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó lọ wo ìlà kóòdù tí irinṣẹ́ náà ti ń tọ́ka sí láti àárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Bí áàpù bá ti sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, ilé ńkọ́?", á dúró fún ogún sẹ́kọ́ńdì kí oníbàárà lè dáhùn. Ọ̀gá ló ní a kì í kí àgbà ká sáré kọjá.

Ó pa ìdúró náà rẹ́. Áàpù ṣí fìrì.

Fóònù dún. Àlhájà Hàlímọ̀ tó ń ta mílíìkì ní Òkè Àrin ni.

"Ọmọ mi, áàpù yín bi mí pé ilé ńkọ́, kò dúró gbọ́ èsì. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? Láti ìgbà tí Àlhájì ti kú, kò sẹ́lòmíì tó ń bi mí."