Káàdì Tàjúdéènì

Oṣù kẹta tí Tàjúdéènì ti ń fi káàdì àwìn báńkì rajà ni Sìdíkàt, ìyàwó rẹ̀ àgbà, gbọ́ pé wọ́n lè fi orúkọ ẹlòmíràn kún un. Ẹni tí wọ́n bá fi kún un á máa ná an, ẹni tó ni káàdì ni á máa san án padà. Ó dá Sìdíkàt lójú pé Abọ́lá, ìyàwó kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì, ni ọkọ àwọn máa fi síbẹ̀. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

“Bàbá Ṣàkírù,” ló wí fún ọkọ rẹ̀, “ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà nílé yìí. Orúkọ mi ni kí ẹ fi síbẹ̀.”

Tàjúdéènì ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Ó dìde, yàrá Abọ́lá ló gbà lọ. Sìdíkàt jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ ohùn wọn wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ọjà ẹran ní Alaba Rago. Bí Tàjúdéènì ṣe fi káàdì sanwó àgbò tán, àtẹ̀jíṣẹ́ dún lórí fóònù Abọ́lá nínú báàgì. Sìdíkàt bi í pé ta ni. Abọ́lá ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Sìdíkàt kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó kọjú sí Abọ́lá, ó ní, “Ẹni tó dé lánàá kò ní fọwọ́ kan káàdì ọkọ mi.”

Abọ́lá ń gé ilá.

Lọ́jọ́ kejì, Tàjúdéènì gba fọ́tò àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN Sìdíkàt, kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ kún káàdì. Kò sí aládùúgbò tí Sìdíkàt kò sọ fún. Abọ́lá kí i kú oríire, Sìdíkàt gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní báńkì tó wà ní Okokomaiko, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Praise gbé káàdì tuntun lé e lọ́wọ́. Sìdíkàt ka orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá rọra sún mọ́ tábìlì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó kékeré kan wà nílé, Abọ́lá ló ń jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ inú káàdì yìí láé.”

Praise wo kọ̀ǹpútà, ó wo ojú Sìdíkàt, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ má bínú mà, Abọ́lá ló ni káàdì, òun ló kọ́kọ́ fi orúkọ ọkọ yín kún un, òun náà ló sì ní ká fi tiyín kún un.”