Ike Oògùn Méjì

Ọdún mọ́kànlá ni aránṣọ kan ti ń retí oògùn irun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re. Ó ń bá a lórí ìrọ̀rí láràárọ̀, títí orí fi dán bọ̀rọ́ bí àwo. Láti ìgbà náà, bí ìwé ìròyìn bá ti gbé ìròyìn oògùn tuntun jáde, á fi sísọ́ọ̀sì gé e, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ó ku ọdún márùn-ún kó dé ọjà. Èyí tó kọ́kọ́ lẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọdún márùn-ún rẹ̀ sì ti pé lẹ́ẹ̀mejì.

Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe búrẹ́dì, ni wọ́n jọ ń gbé. Irun tàbúrò náà re lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n kò kà á sí. Ó ní fìlà ni gbogbo àwọn ń dé níbi iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i? Òjò ò lè ba irun wa jẹ́ mọ́."

Aránṣọ kì í bá a rẹ́rìn-ín. Káfíńtà kan wà tó fẹ́ fẹ́ aránṣọ, ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra wọn. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti jọ ń rìn, ọkùnrin náà kò tíì rí orí rẹ̀ rí láìsí wíìgì. Bó bá ti ní kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó, aránṣọ á ní kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ńlá ń wá àwọn tí wọ́n máa fi dán oògùn kan wò. Aránṣọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àbúrò ní òun á tẹ̀ lé e, kó má baà dá nìkan lọ. Wọ́n mú àwọn méjèèjì, wọ́n fún kálukú ní ike oògùn kan.

Nọ́ọ̀sì kò fi ohunkóhun pamọ́ fún wọn. "Oògùn gidi wà nínú ike àwọn kan, hóró tí wọ́n fi ìyẹ̀fun lásán ṣe ló wà nínú ti àwọn yòókù. Èmi gan-an ò mọ èwo ni ti ta. Inú kọ̀ǹpútà ló wà, a ò sì ní ṣí i títí ọdún kan á fi pé. Ẹ má kánjú o. Ó kéré tán, á tó oṣù mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan kan."

Kò tó oṣù méjì tí àbúrò fi sáré wọlé láti ibi iṣẹ́, ó ṣí fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kàn án! Ó ń gúnni!"

Aránṣọ fọwọ́ kàn án. Ó gún òun náà, àmọ́ kì í ṣe lọ́wọ́.

"O kú oríire," ó ní. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó sì rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Nígbà tí wọ́n padà lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì yẹ orí àbúrò wò tìyanutìyanu. "Èyí mà yá o," ó ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí àbúrò ti jáde, aránṣọ gbé ike méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Hóró funfun roboto ló wà nínú méjèèjì, wọn ò ní àmì kankan. Ó pààrọ̀ wọn: ó kó hóró tàbúrò sínú ike tirẹ̀, ó kó tirẹ̀ sínú ike tàbúrò. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò jalè. Ẹni tó ń fi orí ara rẹ̀ ṣàwàdà, kí ló fẹ́ fi oògùn ṣe? Lóṣooṣù tí wọ́n bá ti gba tuntun, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe.

Ní oṣù karùn-ún, orí àbúrò ti dúdú kìjikìji. Aránṣọ sọ fún ara rẹ̀ pé èyí tí àbúrò ti lò tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Tòun á dé. Ta ni yóò kọ́ òun ní sùúrù?

Ní oṣù keje, àbúrò kúnlẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó gbé ike tirẹ̀ dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lo tèmi. Tèmi ti hù. Ẹ fún mi ní tiyín, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Aránṣọ ti ike náà padà. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí n wá gba oògùn lẹ́nu ọmọ ìyá mi? Lo tìẹ."

Àbúrò sunkún. Ó ní òun ò rí irú ẹ̀gbọ́n báyìí rí.

Ní oṣù kẹwàá, káfíńtà kò béèrè ọjọ́ mọ́. Ó ń kí aránṣọ láti òdìkejì títì bó ṣe ń kí gbogbo ará àdúgbò.

Ọdún pé. Orí aránṣọ ṣì ń dán bọ̀rọ́. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jókòó, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n ti ṣí àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, ó ní, oògùn náà sì yege. Ó ti hu irun lórí ọ̀pọ̀ èèyàn, ìjọba ti fọwọ́ sí i, yóò sì dé ọjà ní oṣù tó ń bọ̀.

Aránṣọ dìde dúró. "Ẹ fi orúkọ mi ṣe àkọ́kọ́," ó ní. "Àkọ́kọ́ pátápátá. Ọdún méjìlá rèé."

Nọ́ọ̀sì wo kọ̀ǹpútà, ó wo aránṣọ, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ẹ máà bínú, àǹtí," ó ní, "ìyẹ̀fun lásán la fún àbúrò yín, irun tirẹ̀ kàn fúnra rẹ̀ hù ni, ẹ̀yin la ń fún ní gidi láti ọjọ́ kìn-ín-ní, òfin ò sì gbà ká tún fún ẹni tó bá ti lò ó fún odidi ọdún tí irun ò hù, títí láé."