Rọ́bà Tuntun Lábẹ́ Fẹsípà

"Ẹ gùn ún wò, tíṣà. Tó bá tún pariwo, ẹ gé etí mi." Mẹkáníìkì Bódìjà náà ti yọ àwọn rọ́bà búṣìn tó ti gbó nídìí ṣọ́ọ̀kì fẹsípà, ó ti fi tuntun síbẹ̀.

Tíṣà gùn ún lọ sílé l'Ágbowó bíi gómìnà. Torí epo wọ́n, ó pa ẹ́ńjìnnì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé bó ti máa ń ṣe. Ariwo bíi ti páànù tó máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé kò sí mọ́.

Lójú fèrèsé, ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sín in jẹ: "Ta ló fọwọ́ kan bírò mi?" Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Ọdún mẹ́wàá, kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn rí.

Ó rọra ti fẹsípà padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

"Ó tún ń pariwo ni, sà?"

"Rárá. Rọ́bà àtijọ́ yẹn dà? Dá a padà síbẹ̀."