Ẹfọ̀n àti Ọ̀nà Ilé-Ìwé

Àlọ́ mi gba inú ìkùukùu kọjá, ó bà lé Ẹfọ̀n, ẹlẹ́yìn gbọọrọ bí ibùsùn.

Erin tó jẹ́ ọba ní kí Ẹfọ̀n máa gbé àwọn ọmọ ẹranko lọ sílé-ìwé, kí ààfin máa fún un níṣu. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni iṣu yóò ṣe pọ̀ tó. Ilé-ìwé kò ju òdì kejì odò lọ, ṣùgbọ́n Ẹfọ̀n rò ó wò, ló bá ń gba ẹ̀yìn òkè méje. Àwọn ọmọ, títí kan Àkànjí ọmọ tirẹ̀, á sùn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á máa kọrin:

Ẹfọ̀n ń gbé wa lọ,
*Rọra máa rìn.*
Ìkùukùu bo òkè,
*Rọra máa rìn.*
Ilé-ìwé ń sá fún wa,
*Rọra máa rìn.*

Orin dùn, iṣu kúnlé.

Lọ́jọ́ kan, ọdẹ gbẹ́ ọ̀fìn sẹ́yìn òkè. Ọba ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára pátákó, kí wọ́n rì í síbẹ̀. Ẹfọ̀n rí i, ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti fi kún iṣu mi nìyẹn! Àkànjí, kà á fún bàbá rẹ."

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n kà o. Ìgbàkígbà tá a bá dé ilé-ìwé, agogo ìparí ni wọ́n ń lù."

Ẹfọ̀n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ilẹ̀ ya, ó sáré fà sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kó kó gbogbo ọmọ igbó sínú ọ̀fìn.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹfọ̀n bá rí nǹkan níwájú, á dúró gbagidi, á tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń ka ìwé tí kò yé e. Ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ lọ bá a kà á.